Lọ́jọ́ tí lọ́rí alátòmátì ò dé mọ́: Oúnjẹ ń bẹ lẹ́yìnkùlé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ta ló ń jẹ ẹ́?

Obìnrin tó bá ń dáná nílẹ̀ Yorùbá ò ní í tíì gbàgbé ìparí oṣù kejì, ọdún 2021. Ọjọ́ 25 oṣù náà ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè Ọya yarí kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kó ẹrù wá sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ìjà ìgboro tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá n'Ìbàdàn lóṣù yẹn kan náà ló ń bí wọn nínú. Wọ́n ní kí ìjọba san owó ẹ̀mí àti dúkìá tó ṣòfò, kí wọ́n sì kó àwọn tó ń fipá gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ kúrò lójú títì. Bí lọ́rí ṣe tò ní Jẹ́bà nìyẹn, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Tòmátì ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ń wá èyí tí wọ́n máa lọ̀ sọ́bẹ̀. Owó àlùbọ́sà fò sókè, ẹran màlúù di ohun tí wọ́n ń fojú wò lórí àtẹ.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, lẹ́yìn tí Gómìnà Yahaya Bello ti ìpínlẹ̀ Kogí pe àwọn olórí ẹgbẹ́ náà jókòó. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, gbogbo ẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré o! Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan yẹn ti tó láti fi hàn pé ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa níbí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọmọrí rẹ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yani lẹ́nu jù ni àwọn ìlú bí Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Kì í ṣe aṣálẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ wọ́n dó sí. Igbó ló yí wọn ká. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ sì lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn lè ju kóró ata sẹ́yìnkùlé, kó gbàgbé ẹ̀, kó sì padà wá bá igi ata níbẹ̀. Kí ló wá dé tí òṣìṣẹ́ tó ń gbé nírú ìlú bẹ́ẹ̀ ò fi mọ ohun tó máa sè tí lọ́rí ò bá dé?

ÌLÚ TÍ ORÚKỌ RẸ̀ TI INÚ OKO IṢU JÁDE

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ìtàn tí àwọn àgbà Oǹdó máa ń sọ ni pé nígbà tí Púpupú, obìnrin tí wọ́n kà sí Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí, Ifá ti sọ àmì tí wọ́n máa rí fún wọn. Igi tí wọ́n fi ń gbé iṣu dúró lóko ni àmì náà. Wọ́n ní ibi tí igi náà bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀ mọ́, kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí igi iṣu yẹn lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní ó di orúkọ ìlú títí dòní.

Ìlú tí igi iṣu sọ lórúkọ nìyẹn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ àti àwọn ará Àkúrẹ́ tí wọ́n jọ pààlà ò sì fi iyán ṣeré. Ẹ sáà mọ ohun tí àwọn àgbà wí, pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ. Tí a bá sì wo gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó pátá, láti Àkókó lókè níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, títí dé Ìlàjẹ tí òkun ti ń fọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn tó dárúkọ oúnjẹ tí ò sí níbẹ̀. Iṣu wà, ẹ̀gẹ́ wà, àgbàdo wà, kókò wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, epo pupa wà. Ẹja ń ti Igbókọ̀dá wá. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1996, ìrẹsì pàápàá ń ti Ìgbẹ́mọ wá. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yìí náà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, òun náà ló sì ń wa iṣu tó ju ìdajì gbogbo iṣu tí aráyé ń wà lọ.

Àṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà.

BÁWO LA ṢE RÌN TÍ A FI DÉBÍ?

Kòkó ló kọ́kọ́ dé. Kòkó gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn baba ńlá l'Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújì àti agbègbè Àkúrẹ́. Ó rán ọmọ nílé-ìwé, ó fẹ́yàwó, ó sọ táláká di gbajúmọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bú kòkó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè se kòkó jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbin kòkó sí, bí igi náà bá ti gbó tó ṣíji bo ilẹ̀, iṣu ò lè ṣe dáadáa lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oko oúnjẹ ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí olówó kòkó sì ń fi owó ra ohun tí baba rẹ̀ ń wú nílẹ̀.

Epo rọ̀bì tún wá dé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí owó epo ń wọlé ní nǹkan bí 1970 sí 1980, àwọn ọ̀dọ́ pa oko tì, wọ́n gba ìgboro lọ, ọkọ̀ ojú omi sì ń já ìrẹsì àti àlìkámà ní Àpápá. Ìjọba náà ò ṣàì rí i. Ọ̀gágun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1976 tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation, pé kí oníkálukú máa gbin nǹkan. Ní 1980, Alhaji Shehu Shagari gbé Green Revolution tiẹ̀ jáde. Nígbà tó di 1986, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrẹsì òkèèrè, wọ́n sì tún ti ti àlìkámà mọ́ ọn ní 1987. Wọ́n ṣí ti àlìkámà ní 1992, wọ́n ṣí ti ìrẹsì ní 1995.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tì í, tí wọ́n ń ṣí i. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba Muhammadu Buhari ti bọ́dà pa pátápátá nítorí ìrẹsì tó ń gba Kútọnú wọlé. Oṣù kejìlá, ọdún 2020, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìjọba Bọ́lá Tinúbú náà kéde ní oṣù keje, ọdún 2023, pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ọdún 2024, àwọn kan náà tún ní kí wọ́n kó ìrẹsì, àgbàdo, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé fún 150 ọjọ́ láìsan owó bọ́dà.

Ẹ ò rí i pé orí bọ́dà nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà máa ń dá lé? Ẹni tó ń ti bọ́dà ò béèrè bóyá ọ̀nà tó lọ sóko l'ábúlé ṣe é gbà. Ẹni tó ń ṣí i náà ò béèrè ohun tí àgbẹ̀ tó ti gbin nǹkan sílẹ̀ máa ṣe é.

ÌYÁ ÌBEJÌ ÀTI BÀBÁ ÌBEJÌ

Ẹ jẹ́ ká fi ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń jí lọ sí Alágbàká l'Àkúrẹ́ láràárọ̀. Ká ní Bàbá Ìbejì ló ń jẹ́, kò sì sí àdúgbò tí irú ẹ̀ ò sí. Ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó ṣí ìkòkò wò.

"Ìyá Ìbejì, kí lèyí? Ṣé ìrẹsì ti tán nílé ni?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ìrẹsì ò tán, owó ló tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ púpurú yìí. Ẹ̀bọ́lọ̀ ni mo fi sebẹ̀, mo sì bu irú sí i dáadáa."

"Púpurú? Ká ní àlejò wọlé bá wa ńkọ́? Wọ́n á ní a ò rí jẹ."

"Àlejò tó bá mọ ohun tó ń lọ nílùú yìí, ẹ má dá a lóhùn. Òun náà ń wá irú ẹ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Inú ilé púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù keje, ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó-oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Lọ́dún yẹn kan náà, àpò ìrẹsì kan ju iye yẹn lọ. Ìyẹn ni pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kó kó gbogbo owó náà lé ọlọ́jà lọ́wọ́, kó má sì rí odidi àpò ìrẹsì kan gbé wálé. Síbẹ̀, ojú àlejò ni Bàbá Ìbejì ń rò. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ wa gan-an nìyẹn. Wọ́n ti fi sí wa lórí pé oúnjẹ tó bá ti inú ọkọ̀ òkun jáde ni oúnjẹ gbajúmọ̀, èyí tó ti inú ilẹ̀ wa jáde ni ti mẹ̀kúnnù. Búrẹ́dì là ń pè ní oúnjẹ àárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ni àlìkámà tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ Nàìjíríà, òkèèrè ni ìyókù ti ń wá. Bí dọ́là bá wúkọ́, búrẹ́dì ń kú lọ nìyẹn.

OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀ TÍ A Ò KÀ SÍ

Púpurú tí Bàbá Ìbejì ń fojú tín-ínrín yìí, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló ni ín jù, ó sì ti di ti gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí tó fi máa rọ̀. Rírẹ yẹn ló ń yọ oró inú ẹ̀gẹ́ dànù. Wọ́n á fún omi ẹ̀ kúrò, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín máa yá a. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á ha ẹ̀yìn ẹ̀ tó ti dú, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́. Omi gbígbóná ni wọ́n á fi rò ó nígbà tí ebi bá dé. Kò nílò firísà, kò nílò iná mànàmáná, ó sì lè pẹ́ nílé kó má bàjẹ́. Nílùú tí iná NEPA ti ń ṣe ségesège, ta ló gbọ́n ju ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan púpurú lọ?

Ẹ wá wo ti ẹ̀fọ́. Láti Ọjà Ọba tó wà níwájú ààfin Déjì l'Àkúrẹ́ títí dé Odòjọmu l'Oǹdó, ẹni tó bá jí lọ ọjà láàárọ̀ máa rí ìyá àgbà tó pàtẹ ẹ̀fọ́ sórí àpò. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, gbúre, ewúro, àmúnútutù, ọ̀dú. Ọ̀dú nìyẹn, kì í ṣàìmọ̀ olóko. Àwọn ọmọ ìgboro ni ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀bọ́lọ̀ ò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni gbìn ín, òjò àkọ́rọ̀ ló ń pè é jáde. Wọ̀rọ̀wọ́ ní tiẹ̀, abẹ́ òjìji ló fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa lábẹ́ igi kòkó. Ẹni tó ní oko kòkó, tó sì ní wọ̀rọ̀wọ́ lábẹ́ ẹ̀, owó wà lókè, ọbẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn baba wa ò lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ ìyẹn.

Àwọn tó lọ sí yunifásítì náà sì ti ń padà síbẹ̀. Láti 2011, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Kánádà bá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí irú àwọn ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wọ̀nyí, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa gbìn ín ní púpọ̀, kó sì mówó wọlé fún wọn. Ní FUTA l'Àkúrẹ́, àwọn onímọ̀ ti yẹ ewé marúgbò tí àwọn Ìkálẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ dúdú wọn wò láti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lára. Òyìnbó ń sọ fún wa pé ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé ní èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dára, pé epo pupa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tó ń ṣe ojú lóore. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀ tí wọ́n sè lálẹ́ sì sàn fíìfíì ju èyí tó ti sun oorun ọjọ́ mẹ́ta nínú lọ́rí lọ, torí fítámì C ẹ̀fọ́ ń dín kù bó ṣe ń pẹ́ lórí ìrìn.

Ewé náà ńkọ́? Ewé gbòdògì àti ewé mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń já nínú igbó Oǹdó, inú ọ̀rá là ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sí dípò wọn báyìí. Tí wọ́n bá da ewé nù, ilẹ̀ á gbà á padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n dà sí gọ́tà, òun ni òjò máa gbé dí ojú omi, tí omi á fi ya wọlé. Ẹni tó bá sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín ewé rí, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un kó tó mọ èyí tó dùn jù.

TI ILẸ̀ WA NÁÀ NÍ ÀLÉÉBÙ TIẸ̀ O

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Pé wọ́n gbin nǹkan sítòsí ò ní kó mọ́. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà, wọ́n ní oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ló ń fi irú oògùn yẹn sẹ́nu àpò kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ̀wà. Ìgbà tó di 2019 ni àjọ NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà tí Òyìnbó ní òun ò jẹ yẹn, ṣé inú wa níbí ló yẹ kó parí sí?

Ti oògùn apakoríko tún wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ò rí alágbàṣe mọ́, oògùn ló ń fọ́n. NAFDAC ti fòfin de èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, atrazine náà sì tẹ̀lé e ní 2025. Kì í ṣe pé koríko nìkan ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa. Ó lè ṣàn wọ odò, ó sì lè ṣe ẹni tó ń fọ́n ọn ní jàǹbá. Àwọn kan tún wà tó ń fi kábáàdì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ní ọ̀sán kan òru kan. Èyí tó pupa lẹ́yìn tí inú ẹ̀ ṣì le bí òkúta, ẹ rọra ṣe.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú oúnjẹ ìtòsí ni pé èèyàn lè mọ ẹni tó gbìn ín. Ẹni tó ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ìyá kan náà fún ọdún méjì lè bi í pé, "Ìyá mi, kí lẹ fọ́n sí i?" Ta ni Bàbá Ìbejì fẹ́ bi léèrè lórí ìrẹsì tó ti Éṣíà wọ ọkọ̀?

ÀGBẸ̀ TÍ Ẹ̀RÙ Ń BÀ KÒ LÈ BỌ́ ÌLÚ

Àwọn kan á ní, tí oúnjẹ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tó fi wọ́n? Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì yẹ ká gbé e ju sẹ́yìn.

Ẹ rántí ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015. Ọjọ́ ìbí Olóyè Olú Fálaè ni, ó pé ẹni ọdún 77. Ọkùnrin tó ti ṣe akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó, oko ẹ̀ ló wà ní Ìlàdò, lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí àwọn ajínigbé fi wọlé gbé e lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga l'Àkúrẹ́ sọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ibi náà sẹ́wọ̀n gbére. Tí wọ́n bá lè gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lóko ẹ̀, kí ni àgbẹ̀ tí ò lórúkọ máa ṣe tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú igbó?

Ọ̀rọ̀ yìí ni Gómìnà Rotimi Akérédolú, tó ti di olóògbé, dojú kọ. Ní 2020 ni wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, gómìnà náà pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tí kò forúkọ sílẹ̀ kúrò nínú igbó ọba. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún kan náà, ó buwọ́ lu òfin tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi màlúù jẹko káàkiri mọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òfin wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè sùn mọ́ àgbẹ̀ lóko, àfi kí àwọn tí wọ́n ní kó máa mú un ṣẹ jí gìrì sí i.

Ọ̀nà oko tún wà níbẹ̀. Nígbà òjò, ọkọ̀ tó máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde lè rì sínú ẹrẹ̀ títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á fi pọ́n mọ́ ọn nínú. Owó epo mọ́tò tó gbéra láti oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, orí iṣu àti gàrí náà ló bọ́ sí. Kòkó pẹ̀lú ò dákẹ́. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 12,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Lójú irú owó bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ fi ilẹ̀ gbin iṣu? Nígbà tó sì di 2025, owó kòkó tún já wálẹ̀. Ẹni tó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù láti gbin kòkó, ó máa dúró fún ọdún mélòó kan kí igi náà tó so, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ ẹ̀ sì ti lọ. Àwọn àgbà tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò mọ́ kòkó kékeré kí oòrùn má pa á, àwọn ni wọ́n jẹ lọ́nà méjèèjì.

KÍ NI ÒṢÌṢẸ́ LÈ ṢE LÓNÌÍ?

Òṣìṣẹ́ ò lè ṣe ọ̀nà oko, kò sì lè dá ajínigbé dúró. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀.

Èkíní ni kó máa jẹun tẹ̀lé ìgbà. Nígbà òjò, tí tòmátì òkè Ọya bá wọ́n, tòmátì ìbílẹ̀ kékeré tó kan díẹ̀ yẹn ń so nílẹ̀ wa níbí. Oṣù kẹfà, àgbàdo tútù ti dé. Oṣù kẹjọ, iṣu tuntun ti ń jáde. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ọbẹ̀ ilá, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi irú àti epo pupa sè, kò pọn dandan kí tòmátì wọ inú ẹ̀. Ìyá wa àgbà ò mọ tòmátì alágolo, ọbẹ̀ wọn sì dùn.

Èkejì ni ibi tí a ti ń ra nǹkan. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún-márùn-ún bí irú ti Ògbèsè, lọ́nà Ọ̀wọ̀, àti àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì ní Ọ̀wẹnà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, wọ́n sún mọ́ oko ju ṣọ́ọ̀bù ìgboro lọ. Kí ará ilé márùn-ún dáwó jọ, kí wọ́n jọ háyà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n ra iṣu, gàrí àti epo, kí wọ́n pín in. Àwọn obìnrin ti ń dá àjọ tipẹ́, kí wọ́n dá a lórí oúnjẹ náà.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìnkùlé. Àpò sìmẹ́ńtì tó ti tán, tí wọ́n bu ilẹ̀ dúdú sí, ata rodo àti ewúro á hù níbẹ̀. Kò dìgbà tí èèyàn bá ní éékà kan. Tó bá sì ní ilẹ̀ díẹ̀, kó béèrè igi ẹ̀gẹ́ tí inú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, irú èyí tí IITA n'Ìbàdàn àti àwọn onímọ̀ Umudike gbé jáde ní 2011, tó ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A nínú. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà l'Àkúrẹ́ láti 1957, FUTA náà ti wà láti 1981. Kì í ṣe kí ọmọ lọ gbàwé-ẹ̀rí níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀. Kí àwọn aráàlú máa lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹrin ló tóbi jù: ojú tí a fi ń wo oúnjẹ wa. Tí àlejò bá dé, kí wọ́n gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ ka iwájú ẹ̀, kí wọ́n má tọrọ àforíjì. Níbi ìgbéyàwó l'Oǹdó, wọ́n ṣì ń fi àádùn ṣe àlejò, kò sẹ́ni tó ń tijú ẹ̀. Ọmọ tó bá mọ orúkọ Indomie, kó mọ orúkọ ẹ̀bọ́lọ̀ náà.

Kò sẹ́ni tó ní ká bá òkè Ọya jà. Àlùbọ́sà wọn dùn, ẹ̀wà wọn dára, ọ̀nà wọn sì jìn sí wa kọ́. Ẹni tó ń tà fún wa kì í ṣe ọ̀tá wa, bí àwọn náà ṣe ń jẹ obì tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ aládùúgbò yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ pé, tí aládùúgbò bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, ebi ló máa sùn sí.

Ọ̀rọ̀ ilé Bàbá Ìbejì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó jókòó nígbẹ̀yìn, ó fọwọ́, ó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ó dákẹ́. Ó bu èkejì.

"Ìyá Ìbejì, ibo lo ti rí ẹ̀bọ́lọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yìn ilé yìí náà ni, Bàbá Ìbejì. Ẹ ti ń gba orí ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí."